Ohun tí Ìyá Dídán Nù Kúrò

Ìyá Dídán ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí kò sí gíláàsì tó fọwọ́ kàn tí kì í dán. Ó ti pẹ́ tó ti ń tún ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ wúrà kan ṣe. Bí inú bá bí i, á nu nǹkan. Bí ẹ̀rù bá bà á, á nu nǹkan. Ó ti di bárakú sí i lára.

Ẹ wáá wo ohun tí bárakú ń fojú ẹni rí. Ó dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá àpótí wúrà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu, òfìfo. "Yéè! Mo gbé o!" Àbúrò rẹ̀, ọlọ́dẹ ibẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ bẹ ọ̀gá kó tó gbà á síṣẹ́, sáré lọ pe ọ̀gá. Ẹ̀rù ba obìnrin yìí. Kí ló wá ṣe? Ó mú àkísà! Ó nu àpótí, ó nu káńtà, ó nu ọwọ́ ilẹ̀kùn, títí gbogbo ẹ̀ fi ń kọ mọ̀nà. Àbí irú kí lèyí, ẹ̀yin èèyàn mi?

Ọlọ́pàá tó ń wá ìtẹ̀ka, ìyẹn àmì tí ìka èèyàn ń fi sílẹ̀ lára nǹkan, dé. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì wọ́n àtíkè dúdú sára gíláàsì, kò rí nǹkan kan.

"Ta ló nu ibí?"

"Èmi ni, sà."

"Ibi tí olè ti jà lẹ nù? Màmá, ta lẹ ń bò láṣìírí? Ìka èèyàn kan ò jọ ti ẹlòmíràn. Ẹ ti nu olè náà dà nù!"

Wọ́n ti ìka gbogbo ará ṣọ́ọ̀bù bọ yíǹkì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ọ̀gá ò tiẹ̀ wojú Ìyá Dídán mọ́.

"Ẹ rántí dáadáa," ọlọ́pàá ní. "Ṣé kò síbi tẹ́ ẹ fi sílẹ̀? Bí kò bá sí, àgọ́ là ń lọ yẹn."

Ojú ń tì í láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ta ló máa torí ìtìjú lọ ṣẹ̀wọ̀n?

"Orí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, sà, níbi tí ọ̀gá ń fi kọ́kọ́rọ́ àpótí sí. Ẹ̀yìn ń dùn mí, mi ò lè gun àga. Mi ò nu ibẹ̀ rí."

Ọlọ́pàá gun àga. "Háà! Àmì ìka ẹni méjì rèé nínú eruku, ó hàn gedegbe."

"Ẹ̀gbọ́n mi!" Ọlọ́dẹ ló pariwo bẹ́ẹ̀. "Ẹ ò nu ibẹ̀ ni? Ṣebí gbogbo ibi lẹ máa ń nù!"

Ìyá Dídán wo ọmọ ìyá rẹ̀, ẹ̀rù tó ń bà á tẹ́lẹ̀ wá di eré ọmọdé lójú rẹ̀.

"Dákẹ́," ó ń bẹ̀ ẹ́, "dákẹ́, jọ̀ọ́, má sọ̀rọ̀ mọ́."

Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó sì tẹjú mọ́ ìka ọwọ́ ọlọ́dẹ.