Afusat Lọ sí Omi Gbígbóná

Láti ọjọ́ tí mọ́tò ti yọ̀ lórí snow pẹ̀lú Afusat àti ọkọ rẹ̀ lọ́nà Banff, tí apá Afusat sì kán, kò sí ẹni nínú àwọn méjèèjì tó tún fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìrìn àjò. Abdulqoyyum ọkọ rẹ̀ ló wà nídìí ọkọ̀ lọ́jọ́ náà; láti ìgbà yẹn, kò wakọ̀ mọ́. Train ni wọ́n ń wọ̀ láti Whitehorn, àdúgbò wọn. Ibi tí train kò bá dé, wọn kì í dé ibẹ̀.

Èyí tó burú ju apá kíkán lọ ni pé wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ náà nínú ilé. Afusat ò fẹ́ kí ọkọ òun rò pé òun ń dá a lẹ́bi. Ọkọ rí i pé ìyàwó òun dákẹ́, ó gbà pé ẹ̀bi náà ló ń dá òun lóòótọ́.

Nusaybah, ọmọ wọn, ló bá Ayọ̀kúnlé sọ̀rọ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń fi bọ́ọ̀sì kékeré gbé èèyàn lọ wo àwọn òkè. Ó ní kó gbé àwọn òbí òun nìkan fún ọjọ́ kan, kí wọ́n rí àpáta tí iná abẹ́ ilẹ̀ pọ̀ jáde láyé àtijọ́, kí wọ́n sì wẹ̀ nínú omi gbígbóná tó ń sun láti inú òkè. Afusat kọ̀. Ìgbà tó gbọ́ omi gbígbóná ló rọ̀ díẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti ṣe tíṣà ní Ìkọ́gòsì, níbi tí omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ti ń sun, nígbà tí Afusat wà lọ́mọdé, ó sì mọ bí irú omi bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí lára.

Wọ́n gbéra láàárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Júùnù. Ayọ̀kúnlé ò sáré, kò sì da ọ̀rọ̀ bò wọ́n. Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ Crowsnest, níbi tí àpáta náà wà, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lu orí bọ́ọ̀sì, ojú ọ̀nà sì funfun lẹ́ẹ̀kan náà. Ayọ̀kúnlé yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó pa ẹ́ńjìnì.

"Mummy, a ò ní kúrò níbí àfi tó bá dá," ló sọ.

Afusat yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà ti di ojú pa, ó fi ọwọ́ kan rọ̀ mọ́ àga iwájú gírígírí. Òun tó rò pé òun nìkan ni ẹ̀rù ń bà! Ó di ọwọ́ náà mú títí yìnyín fi dá.

Wọ́n rí àpáta náà, aláwọ̀ ewé tó ní àmì pupa wínníwínní lára. Ayọ̀kúnlé ṣàlàyé pé òkè tó pọ̀ ọ́ jáde ti kú kí èèyàn tó dé ayé. Afusat béèrè bóyá ó ṣì lè jí. Ó ní rárá. Afusat ní alhamdulillah, ni ọkọ rẹ̀ bá rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án, wọ́n dé ibi omi gbígbóná ní Fairmont. Ayọ̀kúnlé ní òjò ló ń wọlẹ̀ lọ jìnnà, tí ilẹ̀ á sè é, tí á tún padà sókè. Afusat wọ aṣọ ìwẹ̀ tó bo gbogbo ara, ó wọ inú omi dé ọrùn. Apá tó ti ń le láti ọjọ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀.

"Bàbá Nusaybah," ó ní, "mi ò dá yín lẹ́bi rí. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé bí mo bá dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, ẹ ó tún máa bá ara yín wí."

Ọkọ rẹ̀ sún mọ́ ọn nínú omi. "Mo rò pé o ò lè dárí jì mí ni."

"Kí ni mo fẹ́ dárí ẹ̀ jì? Snow ni."

Abdulqoyyum bu omi sójú, ó tún bù ú. Afusat ò bi í bóyá ẹkún ló ń fọ̀.

Ọ̀nà Banff ni wọ́n gbà padà. Àwọn méjèèjì ti sùn lọ fọnfọn, wọn ò mọ ìgbà tí bọ́ọ̀sì kọjá ibi tí mọ́tò wọn ti yọ̀ sí. Iwájú ilé ni Ayọ̀kúnlé ti jí wọn. Nusaybah ṣílẹ̀kùn, ó fẹ́ mọ bó ṣe lọ. Ìyá rẹ̀ ní kó kọ́kọ́ bu ìrẹsì wá ná, ebi ń pa àwọn.