Ìyá Tó Bá Mi Ṣa Àfọ́kù Ìgò

Mo rántí ìgbà tí ọ̀gá wa ń kọ́ wa bí a ṣe ń pariwo. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò kan l'Ábẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀, itọ̀ àti ìgbẹ́ àwọn aláìsàn wò. Ọ̀gá wa, bàbá kan tí kì í rẹ́rìn-ín, á kó àwa ọ̀dọ́ jáde sí ẹ̀yìnkùlé, á ní ká gbà pé ìgò tí àrùn wà nínú rẹ̀ ti fọ́ sójú títì. Á ní, "Ẹ kọ́kọ́ pariwo. Ẹ lé èèyàn sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ da apakòkòrò lé e, kí ẹ jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ tó ṣa á. Ẹ má bẹ ẹnikẹ́ni o, ẹ pariwo mọ́ wọn." A ó pariwo, a ó sì máa rẹ́rìn-ín. Èmi ni olórí ẹlẹ́rìn-ín. Ìyá tó bí mi kò tọ́ mi láti máa lọgun bí agbèrò, àwọn àgbà sì ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Lójú tèmi, ẹ̀ṣọ́ tí mo kó ròde pé.

Lọ́dún yẹn, àrùn onígbáméjì wọ àwọn abúlé kan lápá Odeda, wọ́n sì rán mi lọ gba ìgbẹ́ àwọn aláìsàn wá fún àyẹ̀wò. Mọ́tò ìjọba tó yẹ kó gbé mi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, níbi tó sábà máa ń wà, nítorí náà mọ́tò akérò ni mo wọ̀ padà. Ìgò mẹ́rin wà nínú àpótí onígi lórí itan mi, òwú la fi há wọn mọ́ra. Bàtà gogoro tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Kí ni ẹni tó ń lọ gba ìgbẹ́ lábúlé fẹ́ fi bàtà gogoro ṣe? Ẹ bá mi bi ọmọ ọdún méjìlélógún yẹn.

Ìyá kan jókòó tì mí. Aláró ni, ó lọ ra ewé elú lábúlé, àpò rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ wa. Aró ti wọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ìgbọ̀nwọ́. Ó bi mí ọmọ ta ni mí, ó bi mí ìgbà tí mo máa lọ́kọ, ó sọ fún mi pé aró inú agolo ti ba iṣẹ́ àwọn jẹ́, pé àwọn díẹ̀ ló kù n'Ítòkú tó ṣì ń lo elú. Ó bu ẹ̀pà sísè fún mi. Kí a tó dé Láfẹ́nwá, mo ti di ọmọ rẹ̀.

Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì ni bàtà yí mi lẹ́sẹ̀. Àpótí bọ́ lọ́wọ́ mi, ó là, ìgò méjì fọ́. Omi inú wọn ṣàn sórí ilẹ̀ níbi tí èrò ń gbà kọjá. Gbogbo ohun tí ọ̀gá wa kọ́ wa wá sí mi lọ́kàn, mo sì la ẹnu láti pariwo. Àmọ́ ìyá aláró ti kúnlẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi, ó ti ń fi ọwọ́ lásán ṣa àfọ́kù ìgò.

"Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́. Kò ní ju báyìí lọ."

"Ẹ fi sílẹ̀, mà," ni mo wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ má ṣèyọnu."

Gbogbo wa la mọ irú ọ̀rọ̀ tí ìyẹn jẹ́. Ọmọ tó bá ní kí àgbà má ṣèyọnu, ẹ̀kọ́ ilé ló fi ń hàn, kò sí àgbà kan tó tìtorí ẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́ tó ló ń yára tó.

"Ìyọnu wo ló wà níbẹ̀? Ṣé kí n máa wò ọ́ kí ìgò gé ọ lọ́wọ́ ni? Omi kí tiẹ̀ nìyí?"

Èrò ti ń dúró wò wá. Ojú tì mí láti sọ pé ìgbẹ́ ni, ẹ̀rù sì bà mí láti dárúkọ àrùn náà láàárín gáréèjì. Bẹ́ẹ̀ ni omi náà kò jọ ìgbẹ́, ó funfun bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì.

"Oògùn ni, mà," ni mo dá a lóhùn.

Èyí tó kù, mo ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo mú ìbọ̀wọ́ àti apakòkòrò inú báàgì mi jáde, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo da apakòkòrò sílẹ̀, mo dúró kó pẹ́, mo fi bébà di gbogbo àfọ́kù. Ọ̀gá wa ì bá yìn mí. Ilẹ̀ gáréèjì ni mo tọ́jú, ọwọ́ ìyá ni mo fi sílẹ̀. Mo ní kí n bu apakòkòrò díẹ̀ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní aró ti pa gbogbo kòkòrò tó wà lọ́wọ́ òun láti ìgbà èwe, ó sì nu ọwọ́ mọ́ ìró. Ó ṣàdúrà fún mi pé n kò ní ṣaláìní olùrànlọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó ní "Bìsìmílàhì," ó ju ẹ̀pà sẹ́nu. Mo ń wò ó bó ṣe ń jẹ ẹ́.

Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́, tí mo sọ pé ìgò méjì fọ́, ohun tí ọ̀gá wa kọ́kọ́ bi mí ni bóyá ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. "Kò sí, sà," ni mo wí. Bí mo bá sọ òótọ́, yóò ní kí n lọ wá ìyá náà rí, kí n sì sọ ohun tí mo jẹ́ kó fọwọ́ kàn fún un. Mo rò pé bóyá nǹkan kan kò ní ṣe é. Ìjàfara léwu, a máa ń sọ ọ́ fún ọmọdé, èmi ọmọ ilé àyẹ̀wò sì fi ọjọ́ mẹ́ta jáfara.

Ní ọjọ́ kẹta, ara mi kò gbà á mọ́. Mo lọ s'Ítòkú, mo béèrè ilé rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aláró. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ, ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní ìyá òun ti ń yàgbẹ́ gbuuru, ó sì ń bì láti àná, pé ewé ni wọ́n ń sè fún un. Nígbà tí mo wọlé, tí mo rí ojú ìyá náà tó ti jìn wọnú, mo mọ̀ pé àrùn náà ni. Mo sáré wá mọ́tò, a gbé e lọ sí ọsibítù, àwọn nọ́ọ̀sì sì ń wá iṣan tí wọ́n máa fa omi sí, wọn kò tètè rí i. Ó ṣíjú, ó dá mi mọ̀.

"Ọmọ inú mọ́tò," ni ó wí. "Ṣé àwọn oògùn rẹ tó kù dé ibi tí wọ́n ń lọ?"

"Wọ́n dé, mà."

Kí wọ́n tó kírun Àlàásárì, ó ti kú. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an. Mo sunkún débi pé àwọn ẹbí rẹ̀ ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Wọ́n ní ìwọ̀nba wákàtí tí mo lò pẹ̀lú rẹ̀ nínú mọ́tò, ẹ wo bí mo ṣe dúró tì í. Ẹlòmíràn lè ní bóyá omi kànga ló ti kó o. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ kò sí ẹlòmíràn tó ṣàìsàn ní agboolé wọn.

Láti ọdún yẹn, bí Iléyá bá ti dé, ọmọ rẹ̀ á fi ẹran àgbò ránṣẹ́ sí mi. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ń lọ, síbẹ̀ kò sí Iléyá kan tí ẹran rẹ̀ kò dé ilé mi. Ó lọ́kọ, ó bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà débi tí àwọn náà fi ń gbé e wá: "Ìyá wa ní ká gbé e fún ẹni tó gbé ìyá àgbà lọ sí ọsibítù." Mo máa ń dúpẹ́. Mo máa ń ṣàdúrà fún wọn. Ọkọ mi jẹ ẹran náà, àwọn ọmọ mi jẹ ẹ́, èmi náà sì jẹ ẹ́.

Ní ọdún tó kọjá, ara mi kò yá, ó sì fúnra rẹ̀ wá kí mi. Àwa méjèèjì ti darúgbó. N kò mọ ohun tó bá mi, mo ṣáà rí i pé mo ti ń sọ ọ́: bàtà, ìgò, ọwọ́ ìyá rẹ̀ nínú omi náà, irọ́ tí mo pa fún ìyá náà àti fún ọ̀gá wa. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, ohun kan ṣoṣo ló bi mí.

"Ẹ sọ fún un pé oògùn ni, Àǹtí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún gèlè rẹ̀ wé. "Mo ń lọ, mà," ló wí, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Àwọn àgbà ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Iléyá ọdún yìí dé, mo wẹ̀, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ń gbé abọ́ ẹran kọjá láti ilé dé ilé. Títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹnikẹ́ni kò ya ọ̀dọ̀ mi. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Àmọ́ nínú gbogbo Iléyá tó ti kọjá lórí mi láti ìgbà náà, èyí nìkan ni mo gba ohun tó tọ́ sí mi.