Pákó Mẹ́jọ Tí Bàbá Mi Fi Sílẹ̀

Ní agbo ilé wa ní Bẹyẹrúnká, kò sẹ́ni tó pe bàbá mi ní ayàwòrán rí. Onísáìnbọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é, nítorí pé Bẹẹrẹ ló ti ń kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù fún àwọn onígbàjámọ̀ àti àwọn aránṣọ, kí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tẹ báńnà tó dé, tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó ń yà fún ara rẹ̀ ni wọn kò rí orúkọ fún. Wọ́n á kàn pòṣé ni.

Orí pákó ìlẹ̀kùn àti fèrèsé àlòkù ló ń yà wọ́n sí, èyí tó ń rà lọ́wọ́ àwọn tó bá ń wó ilé àtijọ́ ní Ìdí Arẹrẹ. Ó ya gbọ̀ngàn Mápó tó ká gbogbo òpó rẹ̀ bí ẹsẹ̀, tó jókòó, tó ń sinmi. Ó ya ẹja tó di agboòrùn mú lórí páànù. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì wá wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó ní òyìnbó ń pe irú àwòrán tó dà bí àlá bẹ́ẹ̀ ní sọríálísìmù, pé òun ń bọ̀ wá ya gbogbo rẹ̀ ní fọ́tò. Ó mu mínírà tí a rà fún un, ó lọ. À ń retí rẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ bá a wí fún? Fóònù wà lọ́wọ́ èmi náà ní gbogbo ọdún yẹn. Mo fi ya oúnjẹ, mo fi ya bàtà, n kò fi ya iṣẹ́ bàbá mi.

Ọ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́ràn dénú nínú wọn. Màmá mi ni, tó jókòó lórí ẹní láàárín omi Ògùnpa, tó ń yarun; irun náà gùn títí, ó di òrùlé gbogbo àdúgbò. Mo kéré nígbà tó kú, omi tó sì wọlé lọ́dún kan ti ba gbogbo fọ́tò rẹ̀ jẹ́. Ojú rẹ̀ kò sí níbòmíràn mọ́, àfi lórí pákó yẹn.

Bàbá mi kú láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rìn, gbogbo ìsọ̀ onípákó ló wà ní títì. Mùsùlùmí ni wá, a kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti fi líkàfààní wé e, lẹ́mọ́mù sì ní gbàrà tí a bá ti kírun Àsárì tán la máa gbé e lọ. Pákó tí wọ́n máa ń tò lé òkú lórí nínú sàréè, kí erùpẹ̀ má baà kàn án, ni kò sí. Ni àbúrò bàbá mi bá gba yàrá tí bàbá mi ń kó àwọn àwòrán rẹ̀ sí lọ.

Nígbà tí mo fi máa dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti ń kó wọn jáde. Mẹ́jọ ni.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ọwọ́ bàbá mi nìyẹn o."

"Iṣẹ́ wo? Ẹ̀ẹ̀mélòó ni ààfáà sọ fún un pé màláíkà kì í wọ ilé tí àwòrán bá wà? Ó kúkú ti wúlò báyìí, alhamdulillahi."

Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún mi, èyí tó ní màmá mi. Kò bínú. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi dá mi lóhùn, ìyẹn ló sì dùn mí jù. "Mẹ́jọ gan-an la máa lò. Tá a bá yọ ọ̀kan, erùpẹ̀ á já lé e lójú. Ṣé bó o ṣe fẹ́ kí bàbá ẹ sùn nìyẹn?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Mo wo ojú màmá mi, mo wo bàbá mi nínú aṣọ funfun nílẹ̀. Mo ní, "Ẹ máa gbé pákó náà lọ." N kò ní purọ́: ìfẹ́ bàbá mi nìkan kọ́ ló mú mi sọ ọ́. Ẹnu ayé ló ń bà mí lẹ́rù. N kò fẹ́ kí wọ́n ní mo fi pákó du òkú. Inú bí mi sí wọn, àmọ́ inú bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Obìnrin kì í tẹ̀ lé wọn dé ìtẹ́ òkú, nítorí náà mo jókòó sílé. Wọ́n padà dé kí ìrun Màgáríbì tó tó. Àbúrò bàbá mi ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ lára, inú rẹ̀ dùn pé gbogbo nǹkan lọ wẹ́rẹ́. Ó ní sàréè náà kò gùn tó bí àwọn ṣe rò, pákó méje ti tó. Ìkẹjọ, wọ́n fún àwọn kan tó ń sin òkú tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, tí àwọn náà kò rí pákó rà. Sàráà ni, ó ní, láàdá rẹ̀ á máa bá bàbá mi.

"Èwo lẹ fún wọn?"

"Pákó náà ni. Ta ló tún ń wo ojú ẹ̀?"

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo bu omi fún wọn mu. Títí dòní, n kò mọ̀ bóyá orí bàbá mi ni màmá mi wà, tàbí orí òkú ẹni tí n kò mọ̀ rí.