Ohun Tó Ń Dún Nídìí Mi

Ìjọ wa ní Mafolúkù kì í fẹ́ kí obìnrin lo yẹtí tàbí ẹ̀gbà. Ọjọ́ tí mo ṣèrìbọmi ni mo yọ tèmi, àmọ́ mi ò tú ìlẹ̀kẹ̀ tí ìyá ìyá mi so mọ́ mi nídìí ní Èkìtì. Abẹ́ aṣọ ló wà, ta ló máa rí i?

Nígbà tí owó epo dé, tí gbogbo ilé ń ra ẹ̀rọ tó ń kọrin, ìjọ ní kí ẹgbẹ́ akọrin wa náà ṣe àwo. Èmi ni wọ́n ní kí n máa lé orin, kí àwọn yòókù máa gbè é. A gba situdíò kan ní Ìsọlọ̀. Ọkùnrin tó ń gba ohùn wa sílẹ̀ jókòó lẹ́yìn gíláàsì, inú sípíkà ló ti ń bá wa sọ̀rọ̀.

A kọrin dé ẹsẹ kejì, ó dá wa dúró. Ó ní òun ń gbọ́ nǹkan tó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Àwọn arákùnrin kó kọ́kọ́rọ́ kúrò lápò. A tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dún. Mo ti mọ ohun tó jẹ́ nígbà yẹn, torí mi ò lè kọrin kí n má mì. Mo dúró gan-an bí òpó, ni ohùn mi náà bá gan. Olórí akọrin ní kí n kọ ọ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mì, ó dún.

“Sístà tó wà láàárín,” ni sípíkà wí, “ìdí yín ló ti ń wá o.”

Ẹnì kan láàárín àwọn tó ń kọ báàsì ní, “Sístà wa ti gbé agogo tiwọn dání.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ wọn ní Bíbélì. Mo ti ń rí ara mi níwájú àwọn alàgbà, tí wọ́n gba orin náà lọ́wọ́ mi fún ẹlòmíràn.

Ìyàwó pásítọ̀ wa, tó wà lára àwọn tó ń gbè é, fà mí lọ sí ilé ìyàgbẹ́, ó ti ilẹ̀kùn. Mo ń retí ìbáwí. Ó ká búláòsì mi sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má sọ fún pásítọ̀.”

“Kí n sọ kí ni? Ṣé kì í rí tèmi ni?” Ó da ìlẹ̀kẹ̀ náà sínú báàgì rẹ̀. “Àárọ̀ yìí ni mo tú tèmi. Mo ti kọrin ní rédíò rí. Ẹ̀rọ wọn yẹn, ohun tí ọkọ ẹni nìkan ń gbọ́ ló ń gbọ́.”

Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí obìnrin yẹn. Mo padà wọlé, mo di ojú, mo kọ ọ́ tán.

Wọ́n ta àwo náà títí dé Àjàó Estate. Àwọn tó gbọ́ ọ máa ń sọ fún mi pé Ẹ̀mí ló bà lé mi ní ẹsẹ kejì, tí ohùn mi fi ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀. Èmi á ní ògo ni fún Ọlọ́run. Ìtìjú ló mú ohùn mi gbọ̀n. Bí mo ṣe ń kọ ọ́, mo mọ̀ pé gbogbo ẹni tó yí mi ká ń tẹ́tí sí ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ kò ti dún mọ́.