Àbúdù àti Ọkọ̀ Tó Yọ Ìléròrò

Àbúdù kì í ṣe ọmọ etí omi. Ìsẹ́yìn ló ti wá, iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì bítà ló ń ṣe ní Kétu, ara mọ́tò ló sì mọ̀. Lọ́dún 2005 ni Mummy Cecilia, tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò láti Agbóyì wá sí Kétu, ní kó wá bá òun wo ọkọ̀ òun. Ọkọ̀ fáíbà àtijọ́ ni. Abẹ́ rẹ̀ yọ ìléròrò bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, Àbúdù kì í lè sọ pé òun ò mọ nǹkan. Ó fi sáńpépà ha ojú ìléròrò, ó fi pọ́tì mọ́tò dí gbogbo rẹ̀, ó sì kùn ún ní ọ̀dà búlúù. Iṣẹ́ náà dán. Ṣùgbọ́n egbò tó jiná lókè tó ń kẹ̀ nínú, ṣé egbò tó jiná nìyẹn?

Létí omi níbẹ̀, ẹni tó bá tún ọkọ̀ ṣe ni yóò bá a rin ìrìn àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ náà Àbúdù ní inú ń run òun. Irọ́ ni. Kò mọ̀wẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ sí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Mummy Cecilia nìkan ló gbé ọkọ̀ lọ.

Kí òjò ọdún náà tó dá, ìléròrò ti padà, omi sì ti ń jò wọ inú ọkọ̀. Obìnrin náà kò bú u.

"Ìwọ lo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Àbúdù. Ìwọ náà ni wàá parí ẹ̀."

Èyí dùn ún ju èébú lọ. Kí obìnrin yìí tún lè gbọ́kàn lé òun, ohun tó ń wá kò ju ìyẹn lọ. Ó gbé ìtìjú tì, ó lọ bi àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fáíbà. Bí wọ́n ṣe wí ló ṣe: ó la àwọn ìléròrò náà, omi kíkan jáde bí omidùn ògì tó ti pẹ́, ó fi omi kànga fọ̀ ọ́, ó sì da ojú ọkọ̀ délẹ̀ kí ọyẹ́ lè fẹ́ sí abẹ́ rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ á lẹ náílọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Bí ìrì bá wà nínú náílọ́ọ̀nù láàárọ̀, ọkọ̀ kò tíì gbẹ.

"Àbúdù, kò tíì ready?"

"Ẹ má bínú, Mummy. Ó ṣì lómi nínú."

Mummy Cecilia á yí padà, á lọ bẹ ọlọ́kọ̀ míì kó gbé òun sọdá. Àánú rẹ̀ a máa ṣe Àbúdù, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan rẹ́sìn, oje tí wọ́n fi ń lẹ fáíbà, àfìgbà tí náílọ́ọ̀nù gbẹ.

Nígbà tí ọkọ̀ padà sómi, ẹnikẹ́ni kò pè é. Ó bọ́ bàtà, ó wọlé, ó di etí ọkọ̀ mú pinpin. Ní àárín omi, Mummy Cecilia yíjú sí i.

"Lọ́jọ́ yẹn tí o ò wọ̀ ọ́, mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn ò dáa."

"Ẹ mọ̀, Mummy, ẹ ṣì fi ń kérò?"

"Ọkọ̀ míì wo ni mo ní, Àbúdù?"

Àbúdù wolẹ̀. Inú ọkọ̀ gbẹ táútáú, síbẹ̀ kò lè gbójú sókè títí wọ́n fi dé Agbóyì.