Ìtàn Aṣọ Ọmọ Tí Mo Kà Nílé Ìsọlọ̀

Àwọn kan fẹ́ràn ìtàn ìfẹ́, àwọn kan fẹ́ràn ti ìjàpá. Èmi, ohun tó ń mú irun ara dìde ni tèmi. Ẹ má bi mí pé kí ló fà á, mi ò mọ̀. Nígbà tí mo kúrò ní Ìwó wá sí Èkó, tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi bá mi wá yàrá sí Ìsọlọ̀, mi ò tíì ní bẹ́ẹ̀dì tí mo ti ra ìwé ìkọ̀wé méjìlá. Orí ẹní ni mo ń dùbúlẹ̀ sí, tí mò ń kọ nípa òkú, nípa iwin, nípa ọkọ ìyàwó tí kò ní òjìji. Ní kọ́ńpìnnì tí wọ́n ti ń hun aṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mò ń tẹ taipúráítà fún ọ̀gá kan. Bí ọ̀gá bá ti jáde báyìí, iwin ni mò ń tẹ̀.

Ìgbà owó epo rọ̀bì ni. Owó dé, ọkàn ò balẹ̀. Ẹni tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀ lánàá, lónìí fáànù ń yí lókè orí rẹ̀. Ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé onífèrèsé wo tẹlifíṣàn, ó ti ra tiẹ̀. A ó kí wọn kú oríire, a ó wọlé, a ó sì máa bi ara wa pé, "Kí ló ṣe tó fi rí i?" Ọ̀rọ̀ gbọ́mọgbọ́mọ wá gbòde kan. Wọ́n ní wọ́n wà ní Àpákùn, wọ́n ní wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè ní Òṣòdì. Kò sẹ́ni tó rí wọn rí nínú wa, àmọ́ gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe rí. Bí wọ́n bá sì pariwo orúkọ yẹn mọ́ èèyàn lójú títì, kí onítọ̀hún tó sọ pé òun kọ́, wọ́n á ti lù ú pa.

Ilé wa, yàrá mẹ́wàá ló dojú kọra, kànga kan, okùn aṣọ kan. Àlájà tó ni ín, ọmọ Ọ̀yọ́ ni, àwo ló ń tà ní Òṣòdì, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ìyá Ìbejì ló wà ní yàrá tó tẹ̀lé tèmi. Ní yàrá tó kángun sí kànga, obìnrin kan wà níbẹ̀ tí mò ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, tó ń ta ẹ̀pà yíyan ní Àpákùn. Ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà lọ sókè Ọya, ó lè tó oṣù méjì kó tó yọjú. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Ẹ̀gbọ́n. Kò tíì bímọ. Síbẹ̀, ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, yóò fọ aṣọ ọmọ jòjòló, àti fìlà, àti ìbọ̀sẹ̀, yóò sá wọn sórí okùn. Tó bá di ọ̀sán, yóò ká wọn wọlé. Ọdún méjì gbáko la fi ń wò ó. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè, torí ta ló máa la ẹnu bi ẹni tí Ọlọ́run ò tíì dá lóhùn pé ta ló ni aṣọ ọmọ? Ọ̀rọ̀ tí èèyàn ò bá lè béèrè, yóò máa rò ó ni.

Èmi ò rò ó lásán o, mo kọ ọ́.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, lẹ́yìn oúnjẹ, àwọn obìnrin ilé a máa jókòó létí kànga. Ẹlòmíràn ń dirun, ẹlòmíràn ń ṣa ìrẹsì, èmi á sì ka ìwé mi fún wọn. Ní Sọ́ńdè tí mò ń wí yìí, mo ka ti obìnrin kan tó ń kó láti ilé dé ilé. Ilé tó bá ti kúrò, ọmọ kan á di àwátì níbẹ̀. Ní ilé tó bá tún dé, aṣọ kan á lé sí i lórí okùn rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, àwọn aṣọ náà á máa kọrin:

Mo lápá, kò sọ́wọ́ níbẹ̀,
Ìyá, wá tú mi sílẹ̀.
Mo lọ́rùn, kò sórí níbẹ̀,
Ìyá, wá tú mi sílẹ̀.
Oòrùn ń pa mí, mi ò gbẹ,
Ìyá, wá tú mi sílẹ̀.
Omijé rẹ ló ń kán sí mi lára,
Ìyá, wá tú mi sílẹ̀.

Orin àlọ́ ni wọ́n fi í ṣe! Mi ò tíì kà á dé ẹsẹ kẹta tí wọ́n ti ń gbè é, tọmọdé tàgbà. Ẹ̀gbọ́n ń bó ẹ̀pà níbẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí obìnrin náà ti na ọwọ́ sí ọmọ tó ń rákòrò, Ẹ̀gbọ́n ké "Yéè!" ó sì gbá mi lápá mú. Inú mi dùn. Kí ni akọ̀wé tún ń wá? Àfi ìgbà tí mo gbójú sókè kúrò nínú ìwé, tí mo rí i pé àwọn yòókù ò wo èmi mọ́. Okùn aṣọ ni wọ́n ń wò. Mo pa ìwé dé, mo ní ó ku díẹ̀, ó di Sọ́ńdè mìíràn.

Ohun tí mo gbàgbé rèé, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Nínú ilé bíi tiwa, ẹni tó bá ní nǹkan nínú sí ẹnìkejì kì í sọ ọ́ ní tààrà. Orin ló máa dá nídìí ìkòkò. Òwe ló máa pa fún ewúrẹ́ tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ á gbọ́, gbogbo ilé á sì mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ta wá ni yóò gbà pé ọmọge kan jókòó, ó fi bírò kọ ọ̀rọ̀ burúkú sínú ìwé, kò sì bá ẹnì kankan wí?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Ìyá Ìbejì kanlẹ̀kùn.

"Akọ̀wé, kí lo rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan, mà. Ìtàn ni."

"Ìtàn wo? Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ta lò ń kọrin mọ́?"

"Kò sí, mà. Mo kàn rò ó ni."

Ó wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "O ò ní sọ. O gbọ́n. Tó bá jẹ́ èmi náà ni, mi ò ní sọ."

Ó yẹ kí n sáré tẹ̀lé e. Ó yẹ kí n sọ pé aṣọ Ẹ̀gbọ́n ni mo rí tí mo fi hun irọ́, pé mi ò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: ìyìn ló kó sí mi lórí. Wọn ò gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ tó báyẹn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Mo ti ilẹ̀kùn mi. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èmi yìí náà ni mo jù ú sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, ilé dákẹ́. Ẹ̀pà tí Ẹ̀gbọ́n máa ń fún àwọn ọmọdé, ìyá wọn á gbà á, wọ́n á ní ẹ ṣeun, wọ́n á lọ dà á sí gọ́tà. Ẹnì kan rántí pé Òkè-Àfà ló ń gbé kó tó kó wá bá wa. Ẹlòmíràn ní ọmọ kan sọnù ní Òkè-Àfà. Mo béèrè pé nígbà wo, kò sẹ́ni tó mọ̀. Inú ìwé tèmi ni wọ́n ti gbọ́ ọ! Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ nígbà tó di Sátidé, mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì, mò ń ka aṣọ. Mẹ́fà ni wọ́n nígbà tí mo kọ ìtàn. Méje ni mo kà. Méje! Mo tún un kà. Èmi tí mo pa irọ́, irọ́ tèmi ló ń dẹ́rù bà mí. Láti ọjọ́ yẹn, bí Ẹ̀gbọ́n bá kí mi, mo ń dáhùn, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò.

Lọ́sàn-án Sátidé yẹn kan náà, nígbà tó ń ká àwọn aṣọ náà, àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀: "Mo lápá, kò sọ́wọ́ níbẹ̀..." Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó tiẹ̀ ń bá wọn gbè é. Kò mọ̀. Ẹnu rẹ̀ ṣì wà lórí "wá tú mi sílẹ̀" nígbà tó rí ojú àwọn ìyá wọn. Ó wò wọ́n, ó wo aṣọ tó wà lápá rẹ̀, ó wá wo fèrèsé mi. Ó wọlé.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, oòrùn ṣì ń mú, ni Ìyá Ìbejì fi igbe ta. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ló di àwátì. Wọn ò wo ẹ̀yìnkùlé, wọn ò wo ojú títì. Yàrá Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n já lé. Kí n tó bọ́ bàtà, àgbàlá ti kún. Àwọn géńdé kan tó ń gbé ẹrù lójú títì ti gbọ́ "gbọ́mọgbọ́mọ", wọ́n ti wọlé tigi tigi. Wọ́n gbé àpótí Ẹ̀gbọ́n síta, wọ́n da aṣọ ọmọ méjèèje sílẹ̀, òun náà sì wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín wọn.

Àlájà ló dúró síwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ sí àwọn géńdé náà kí wọ́n sún sẹ́yìn. Ó ní, "Ta ló ni aṣọ wọ̀nyí?"

Ẹ̀gbọ́n mi orí.

"Ta ló ni wọ́n? Sọ̀rọ̀, kí n lè mọ ohun tí mo máa sọ fún wọn!"

"Màmá, mi ò lè sọ ọ́."

"Háà! Ẹ gbọ́ o, ó ti jẹ́wọ́!" Ọ̀kan nínú àwọn géńdé náà ló wí bẹ́ẹ̀.

Mo já wọ àárín wọn. Mo ní, "Ẹ dákun, irọ́ ni! Èmi ni mo rò ó! Aṣọ ni mo rí lórí okùn tí mo fi ṣe ìtàn, mi ò mọ nǹkan kan!" Mò ń sunkún, mò ń gbọ̀n. Kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, ṣe ló ń le koko sí i. Ìyá Ìbejì nawọ́ sí mi, ó ní, "Ẹ wo bó ṣe ń gbọ̀n! Obìnrin yìí ti fi oògùn dì í lẹ́nu. Ẹ ò rí i pé ó ti dì í lẹ́nu ni?" Gbogbo wọn mirí. Ẹ̀rí kejì ni mo di.

Géńdé kan gbé igi sókè. Mo kígbe pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n á pa yín!" Ó gbójú sókè, ó wò mí. Ó mú ẹ̀wù kékeré kan nílẹ̀, ó fi bo ẹnu rẹ̀, ó sì sọ ọ́.

Ó ní wòlíì kan ní Òkè-Àfà ló ní kí òun rà wọ́n, ẹyọ kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí òun ti ń wá ọmọ, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló sì pé ọdún keje. Kí òun máa fọ̀ wọ́n ní gbogbo Sátidé, bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ wọ̀ wọ́n dọ̀tí. Kí òun má sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹ̀dá alààyè kan, títí kan ọkọ òun, títí ọmọ á fi dé. Ọjọ́ tí òun bá sọ ọ́, ó bàjẹ́ nìyẹn.

"Mo ti wá sọ ọ́ báyìí," ó ní. "Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?"

Ẹni tó gbé igi rọra gbé e sílẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà tí ọmọ tí wọ́n ń wá rìn wọlé, tó ń fi ọwọ́ nu imú. Ilé kejì ló ti lọ ń wo tẹlifíṣàn. Ìṣẹ́jú márùn-ún! Ká ní mo dìrọ̀ mọ́ ọwọ́ ẹni tó gbé igi, ká ní mo ṣubú lulẹ̀ kí n ṣe bí ẹni tó dákú, ká ní mo fa ọ̀rọ̀ yẹn gùn lọ́nàkọnà, ọmọ yẹn ì bá ti dé, Ẹ̀gbọ́n ì bá má sọ ọ́. Èmi ni mo ní kó sọ̀rọ̀. Inú ara mi ń bí mi dòní.

Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń sunkún. Àlájà ní, "Ọlọ́run ló ń fúnni lọ́mọ, kì í ṣe wòlíì. Yóò fún ọ." Ẹ̀gbọ́n ní, "Àmín, mà." Ó ṣa àwọn aṣọ náà lẹ́yọ lẹ́yọ. Ẹ lè ní wòlíì irọ́ ni. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nínú mi. Àmọ́ òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ aṣọ yẹn fún ọdún méjì, òun ló gbà á gbọ́. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, kò fọ nǹkan kan.

Nígbà tí oṣù parí, ó kó lọ. Ẹrù rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà nígbà tó wọ yàrá mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí."

"Dìde. Ìtàn yẹn dùn. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò mọ̀ pé èmi ni." Ó jókòó sétí ẹní mi. "O ò kà á tán fún wa."

"Mi ò kà á tán, mà."

"Obìnrin yẹn, ṣé ó padà bímọ?"

Nínú ìwé mi, àwọn ará ilé ló dáná sun obìnrin yẹn, wọ́n sì ń jó yí i ká. Mo ti kọ ọ́ kí n tó ka ìtàn náà fún wọn, ibẹ̀ gan-an ló dùn mọ́ mi jù.

"Ó bí, mà," mo ní.

"Kí ló bí?"

"Obìnrin."

Ó mi orí pẹ́. "Ó dáa. Kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó lọ, kí o má baà gbàgbé."

Mo ṣí ìwé, mo fa ilà sórí iná yẹn, mo mú bírò, mo kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ò mọ̀wé kà. Ó dúró tì mí, ó ń wo ọwọ́ mi, títí mo fi parí gbólóhùn náà.