Ìpápánu Inú Ọ̀rá Tí Mo Gbé Lọ Sóko Àáró

Òjò ọdún tó kọjá ti fẹ́ dáwọ́ dúró nígbà tí àáró kàn mí. Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣe é ní Ilọfà: lónìí a kọ ebè lóko tèmi, lọ́jọ́ mìíràn a kọ tìrẹ. Ẹni tí a bá wà lóko rẹ̀ ló ń bọ́ wa, iyán sì ni. Ẹni tó bá fi ebi pa ẹgbẹ́ rẹ̀, bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, kò sẹ́ni tó máa bá a bẹ̀bẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ oko mi níhà Ìdọ̀fin kì í ṣe ilẹ̀ tí èèyàn lè dá nìkan kọjú sí. Bí òjò bá ti lọ, líle ló ń le.

Ìyá mi kò sí nílé. Wọ́n ti lọ sí Ìlọrin lọ wẹ ọmọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Mo lè gúnyán fúnra mi. Ọkùnrin tí kò mọ iyán gún lọ́dọ̀ wa, wọ́n á fi ṣẹ̀fẹ̀ títí. Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí, páálí kan sì wà nílé. Àǹtí mi tó ń gbé Àbújá ló gbé e wá nígbà tí wọ́n wá sìnkú: ìpápánu gígùn gígùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá tó ń dán. Purotéènì bá ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ya ọkùnrin alápá ńlá kan sára rẹ̀. Àǹtí ní bí àwọn bá ti jẹ ọ̀kan láàárọ̀, ó di ọ̀sán kí ebi tó pa àwọn. Mo ní bí ẹyọ kan bá gbé Àǹtí dé ọ̀sán, méjì méjì á gbé àwa náà dé ìrọ̀lẹ́. N kò rò ó pé orí àga ọ́fíìsì ni Àǹtí ń jókòó sí.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, a jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo gbé páálí kalẹ̀.

"Iyán dà?" Ẹni tó kéré jù nínú wa ló bèèrè. Aláwàdà ni.

"Èyí ju iyán lọ. Agbára ni wọ́n rọ sínú ẹ̀."

"Háà! Mo fi gbogbo àárọ̀ retí iyán, o wá ń fún mi ní ọṣẹ!"

A rẹ́rìn-ín. Ó gé e jẹ, ó ní, "Ó mà dùn o. Dóńkúwá tó ti lọ sí òkè òkun ni." Kò parọ́. Ẹ̀pà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ eyín.

Ẹ̀gbọ́n tó dàgbà jù nínú wa kò tíì tú tirẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá wọn jà, àràárọ̀ ni wọ́n ń lo oògùn. Wọ́n rọra bi mí pé, "Àbúrò, ṣé kò sí ṣúgà nínú ẹ̀?"

"Purotéènì ni, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà."

Ìwé mi kò jìnnà. Ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà nìkan ni mo kà. Ẹnì kẹrin wa, tó ka ìwé jù mí lọ, yí ọ̀rá náà padà, ó fojú wá lẹ́tà wínníwínní ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ṣúgà ni wọ́n kọ́kọ́ kọ," ó ní. "Omi ṣúgà ló tẹ̀ lé e, kí ẹ̀pà tó dé. Èyí tó bá pọ̀ jù ni wọ́n ń fi ṣíwájú. Purotéènì wà níbẹ̀ o, àmọ́ àwo ẹ̀wà kan á jù ú lọ."

Ẹ̀gbọ́n gbé tiwọn sílẹ̀ láìtú u. Wọ́n mu omi, wọ́n dìde. "Ẹ jẹ́ ká máa ṣe é lọ."

Iṣu wà nínú ahéré. Mo lè dáná kí n sun ún, kò ní pẹ́. Ṣùgbọ́n oòrùn ni mò ń wò, kí iṣẹ́ lè parí. Ìyẹn ló ṣì ń dùn mí jù.

Kò pẹ́ tí aláwàdà wa fi ní, "Ọ̀gá, ọṣẹ ti ṣàn lọ o. Ebi ti padà dé." Ọkọ́ ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ bọ́. Òógùn bò wọ́n, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu wọn.

"Wọ́n lo oògùn, wọn ò jẹun!" ni ẹnì kẹrin wa ké. "Ṣúgà ara wọn ló ti já wálẹ̀. Mú nǹkan yẹn wá!"

Mo tú ọ̀kan, mo gé e wẹ́wẹ́ sí wọn lẹ́nu. Wọ́n jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ojú wọn fi wálẹ̀. Ṣúgà tí mo ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ gan-an ló gbé wọn dìde. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí báyìí bóyá ó dára fún ara, mo máa ń ní kì í ṣe májèlé, kì í sì í ṣe oúnjẹ. Ẹ yí ọ̀rá rẹ̀ padà, kí ẹ wo ohun tí wọ́n fi ṣíwájú.

Mo wá sun iṣu náà, a fi epo jẹ ẹ́. Ọjọ́ ti lọ. Nígbà tí a ń gbé ẹ̀gbọ́n sórí ọ̀kadà, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n."

"Bí o bá ti ní o ò mọ̀," wọ́n ní, "ì bá tó mi."

Èyí tó kù nínú ebè náà, èmi nìkan ni mo fi ọwọ́ tó ti bó kọ ọ́ nínú ilẹ̀ líle. Nígbà tí àáró kan oko ẹ̀gbọ́n, ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ pè mí, ẹnikẹ́ni kò sì ní kí n má wá. Mo lọ. Mo dúró létí oko, ọkọ́ wà léjìká mi. Ẹ̀gbọ́n wò mí, wọ́n fi ẹnu ọkọ́ tọ́ka sí ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn.

"Ibí ni tìẹ. Kí lò ń wò?"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọkọ́ bu ilẹ̀.